Pọ́ńdù àrọ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, ṣé ó lè gba ẹja kói?

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Sátidé, 7:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Mo ní pọ́ńdù kan ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Akóbọ̀, n'Íbàdàn. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n, orí ilẹ̀ ló dúró lé, wọ́n sì rẹ́ ẹ tinú tòde. Gígùn rẹ̀ mítà 3, ìbú rẹ̀ mítà 2, gíga rẹ̀ mítà 1 àti díẹ̀. Àrọ̀ ni mo ń sìn nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó oúnjẹ ẹja gun òkè àjà tí kò sọ̀ mọ́, mo ta èyí tó kù, mo ṣíwọ́. Ọdún kejì rèé tó ti ṣófo, bọ́ọ̀lù jíjò àti bàtà aláìlẹ́nìkejì làwọn ọmọ ń jù sínú rẹ̀.

Oṣù tó kọjá, èmi àti ọmọ mi obìnrin wà ní òtẹ́ẹ̀lì kan l'Ékòó, la bá rí ẹja kói, ẹja ọ̀ṣọ́. Funfun tó ní pupa lára, bí ìlẹ̀kẹ̀ kélé. Ọmọ yìí ò kúrò níbẹ̀ títí oúnjẹ wa fi tutù. Mo ti ṣèlérí fún un. Mo sì ti rí ẹni tó ń ta ọmọ kói, wọn ò ju ìka ọwọ́ lọ. Ogójì ni mo fẹ́ rà. Ṣé kí n kàn fọ pọ́ńdù yẹn, kí n fa omi bọ́ọ̀hóòlù sí i, kí n kó wọn sí i? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́.

Olófòófó Ìta · Sátidé, 7:44 àárọ̀

Ogójì! Ẹ bá mi da ata rodo sí i.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · Sátidé, 10:02 àárọ̀

Bọ̀dé ọmọ mi, o kú ìnáwó. Láti 2006 ni mo ti ń sin àrọ̀, ìbéèrè kan ni mo sì ní: ẹja tí a ò ní sè, tí a ò ní yan, tí a ò ní tà, kí la ń bọ́ ọ fún? Ṣùgbọ́n tí ọmọ bá ti dá sí ọ̀rọ̀, ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa nìyẹn.

Pọ́ńdù mítà 3 sí 2, àrọ̀ 300 ni mo máa ń kó sí i, mo sì ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ogójì ò tó nǹkan kan. Fọ̀ ọ́, pọnmi sí i, kó wọn sí i.

Káyọ̀dé Kent · Sátidé, 1:05 ọ̀sán

Ìyá wa, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Bọ̀dé kó ogójì síbẹ̀ o. Ọdún kẹrìnlá mi rèé tí mo ti ń sin kói níbí ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹja tí mo sì ti fi àìmọ̀ pa, n ò lè kà á fún èèyàn.

Àrọ̀ yàtọ̀. Ó ní ẹ̀yà ara kan tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi. Ẹ̀yin náà ń rí i bó ṣe ń yọ ẹnu, táá gbé afẹ́fẹ́ mì, táá tún wọmi padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń wà láàyè nínú garawa láti ọjà délé. Kói ò ní irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú omi náà ló ní, tí ìyẹn bá tán, òun náà tán. Omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Omi tó wà ní ìwọ̀n 10 Celsius lè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 11 ọ́síjìn nínú lítà kan. Tó bá gbóná dé 30, bíi 7.5 ló kù. Ẹ̀yin lẹ mọ bí oòrùn Ìbàdàn ṣe ń ṣe omi nínú oṣù kẹta.

Tí omi bá ga tó mítà 1 nínú pọ́ńdù yẹn, lítà 6,000 ni. Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹja kan sí lítà 1,000 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò. Mẹ́fà nìyẹn, Bọ̀dé. Èyí tó rí bí ìka lónìí lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ó sì lè gbé ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ á ti lọ sílé ọkọ, ẹja á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó ń pa wọ́n jù kì í ṣeé fojú rí. Bí ẹja ṣe ń mí ló ń tú amóníà sómi. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń jẹ amóníà yìí, tí wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì, májèlé nìyẹn náà. Àwọn mìíràn ló wá ń sọ náítíráìtì di náítíréètì, èyí tí ẹja lè fara dà títí táá fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Inú asẹ́ omi ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ń gbé, wọn kì í sì í dé lọ́jọ́ kan. Nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiyín, fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà sí i. Àwa tá a ń sin kói máa ń sọ pé omi là ń sìn, ẹja kàn ń gbé inú rẹ̀ ni.

Pọ́ńdù mi àkọ́kọ́, sẹ̀ǹtímítà 60 ni mo gbẹ́ ẹ wọlẹ̀, mo tẹ́ rọ́bà sí i. Ẹyẹ kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní heron, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí igi tí wọ́n fi ń gbé okùn aṣọ dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dúró sínú omi bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì, ó ṣa mẹ́rin jẹ, èmi náà dúró lójú fèrèsé pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo gbẹ́ ẹ di mítà 1.5. Lítà 12,000 ni mo ní báyìí, ẹja mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Sátidé, 1:31 ọ̀sán

Mẹ́fà? Bọ̀dá Káyọ̀dé, mẹ́fà péré? Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ní gbogbo ariwo tí mo ti ń pa láti oṣù tó kọjá, torí ẹja mẹ́fà ni.

Àrẹ̀mọ Mọ́níyà · Sátidé, 2:15 ọ̀sán

Ṣebí kó o kúkú wó ti búlọ́ọ̀kù yẹn, kó o gbẹ́ tuntun wọnú ilẹ̀. Inú ilẹ̀ tutù ju orí ilẹ̀ lọ, ó sì rẹwà.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Sátidé, 2:40 ọ̀sán

Bọ̀dá Àrẹ̀mọ, ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́ ni ilé mi wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi wọ ọgbà yìí dé orókún, ẹsẹ̀ pọ́ńdù ló sì dé, kò wọ inú rẹ̀. Bàbá mi ṣì ń sọ ìtàn omíyalé Ògùnpa ti 1980 bí ẹni pé àná ni. N ò gbẹ́ ilẹ̀ kankan.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · Sátidé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Káyọ̀dé, òótọ́ lo sọ nípa àrọ̀. Ọ̀kan rìn kúrò nínú pọ́ńdù mi lóru ọjọ́ òjò, ẹ̀yìn ilé ìdáná aládùúgbò la ti bá a, ìjà la sì fi gbà á. Mi ò sọ̀rọ̀ lórí iye mọ́.

Ṣùgbọ́n ògiri nìyẹn, Bọ̀dé, mo mọ ògiri. Ọdún méjì ni oòrùn ti ń pa á láìsí omi nínú rẹ̀. Á ti sán níbì kan. Kó o tó ra ohunkóhun, kún un dé ọrùn, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sójú omi. Gbé garawa omi kan kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sàmì sí ìyẹn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lọ wò ó. Èyí tó bá dín nínú garawa, oòrùn ló mu ún. Bí ti pọ́ńdù bá dín ju ti garawa lọ, ó ń jò.

Bó o bá wá tún un rẹ́, rántí pé simẹ́ǹtì tuntun ń pa ẹja. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwa ń gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú rẹ̀, a ó bu omi lé e, ó di ọ̀sẹ̀ kan, a ó dà á nù, a ó tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Káyọ̀dé Kent · Sátidé, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀fun tó ń jáde lára simẹ́ǹtì ló ń gbé pH omi (òǹkà tó ń sọ bí omi ṣe kan tàbí bó ṣe dà bí omi eérú tó) sókè. N ò tíì fi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dán an wò rí (ta ló máa fún mi n'ílẹ̀ yìí?), ṣùgbọ́n ọ̀nà kan la fi lè mọ̀ bóyá ó ti tán. Bọ̀dé, ra kíìtì tí wọ́n fi ń yẹ omi wò: pH, amóníà, náítíráìtì. pH láàárín 7 sí 8.5 ló dára fún kói. Ra kíìtì kó o tó ra ẹja. Mo tún un sọ: kíìtì kó tó kan ẹja.

Píláńbà Mushin · Àìkú, 3:18 ọ̀sán

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ náà sọ̀rọ̀. Páìpù ìdàmínù pọ́ńdù àrọ̀, mo mọ̀ ọ́n: ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà, íǹsì 3, ìsàlẹ̀ pátápátá. Fún àrọ̀ kò burú, torí gbogbo omi lẹ ń dà nù. Ti kói, ṣe lo fẹ́ kí ìgbẹ́ ẹja máa rọra yí wá sójú ihò fúnra rẹ̀.

Wọ́n á ní kó o fọ́ àárín ilẹ̀ pọ́ńdù, kó o ri páìpù íǹsì 4 síbẹ̀. Tó bá jẹ́ pọ́ńdù tuntun ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá ṣe é. Èyí tó ti wà nílẹ̀, má fọ́ ọ. Ibi tí wọ́n bá ti fọ́ nílẹ̀ pọ́ńdù, ibẹ̀ ni yóò máa jò títí ayé. Ní kí bíríkìlà da kọnkéré tuntun lé ilẹ̀ àtijọ́, kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 ní ògiri tó jìnnà sí ihò jù, kó máa dagẹ̀rẹ̀ bọ̀ títí táá fi tán lójú ihò. Kó dán bí àwo tánńganran.

So íǹsì 3 yẹn mọ́ dúrọ́ọ̀mù lítà 200 mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra. Búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ wọn á tó, kí ẹnu dúrọ́ọ̀mù àti ẹnu pọ́ńdù ṣáà dọ́gba. Omi á fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọnú wọn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni fà á. Ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti ń rọlẹ̀, fi táàpù sí ìdí rẹ̀ tí wàá máa ṣí láràárọ̀. Ti ìkejì, ká àwọ̀n ìpẹja tó ti gbó wọnú rẹ̀, tàbí kànrìnkàn. Ti ìkẹta ni ilé àwọn kòkòrò Bọ̀dá Káyọ̀dé. Inú ìkẹta yìí ni páńpù wà, òun ló ń dá omi padà sí pọ́ńdù. Tí NEPA bá mú iná, omi á kàn dúró jẹ́ẹ́ síbi tó wà.

Má gbé páńpù yẹn kalẹ̀ sí ìdí dúrọ́ọ̀mù o. Fi nǹkan gbé e dé àárín. Mo mọ ẹni tó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ pọ́ńdù, rọ́bà já lóru, páńpù ń ta omi sórí koríko títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹja sùn sórí simẹ́ǹtì gbígbẹ. Tí páńpù bá wà lókè, tí rọ́bà bá já, ibi tí ẹnu páńpù dé lomi máa fà mọ.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Àìkú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Píláńbà, o ṣeun gan-an. Kí ni màá kó sínú dúrọ́ọ̀mù ìkẹta? Iná ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ méjì gbáko ni a ò rí iná.

Káyọ̀dé Kent · Àìkú, 7:22 alẹ́

Ohunkóhun tí kì í jẹrà, tó ní ihò àti kọ̀rọ̀ púpọ̀ tí kòkòrò lè lẹ̀ mọ́. Níbí, àwọn kẹ̀kẹ́ oníke kéékèèké kan tí wọ́n ń pè ní K1 là ń rà. Ìwọ sọ fún àwọn tó ń ṣa ìgò oníke ládùúgbò kí wọ́n kó ìdérí ìgò fún ọ, àpò kan ààbọ̀. Fọ̀ wọ́n, lu ihò sí wọn lára. Òkúta wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é, àmọ́ ọjọ́ tí o bá fẹ́ fọ̀ ọ́, wàá pè mí. Páńpù tó lè gbé lítà 3,000 ní wákàtí kan ni kó o wá, kí gbogbo omi lè gba inú asẹ́ kọjá ní wákàtí méjì méjì.

Iná Kì Í Kú · Ajé, 8:30 àárọ̀

Sólà ni iṣẹ́ mi. Má gbìyànjú láti fi bátìrì gbé gbogbo rẹ̀. Ra páńpù afẹ́fẹ́, èyí tó ń hó omi, òun nìkan ni kó o fi sórí bátìrì. Wáàtì 60 ló tóbi jù tí o nílò. Bátìrì olómi 12-fólìtì, 200Ah (áńpíà-wákàtí 200) kan: 12 lọ́nà 200, wáàtì-wákàtí 2,400. Ìdajì ni kó o lò kó má bàa yára kú, 1,200. Pín in fún 60, wákàtí 20. Ínfátà á jẹ tirẹ̀ níbẹ̀, pè é ní 17. Pánẹ́ẹ̀lì kan tàbí méjì á máa dá a padà lójúmọmọ. Fi ẹnu afẹ́fẹ́ kan sínú dúrọ́ọ̀mù ìkẹta náà, torí mo gbọ́ pé àwọn kòkòrò yín náà ń mí.

Àbẹ̀kẹ́ Houston · Ajé, 2:05 ọ̀sán

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Ooru ilẹ̀ tiwa níbí kò jìnnà sí tilé, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lóṣù kejì ọdún 2021, nígbà tí yìnyín bo Texas tí iná lọ káàkiri, páńpù mi dúró fún ọjọ́ mẹ́ta, ojú omi dì gbagidi. Mo ti ń sunkún ẹja. Gbogbo wọn jókòó sísàlẹ̀ láìmira, kò sí èyí tó kú. Lóṣù kẹjọ ọdún kan náà, iná lọ fún wákàtí márùn-ún péré lóru. Mo kó òkú mẹ́ta láàárọ̀. Ohun tí Bọ̀dá Káyọ̀dé ń sọ nípa omi tútù àti omi gbígbóná nìyẹn, ojú mi ló fi rí i.

Nítorí náà, ìbòòji kọ́kọ́. Ta ọ̀rá dúdú oníhò tí wọ́n fi ń bo ilé ẹ̀fọ́ sókè rẹ̀. Má gbin igi sítòsí, ewé rẹ̀ á máa jẹrà sínú omi.

Ọmọ rẹ tó o ṣèlérí fún ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ó ní àbúrò? Ògiri mítà kan lè dá ọmọ ọdún méjì dúró. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù tí Píláńbà ní kó o gbé dúrọ́ọ̀mù lé yẹn, àtẹ̀gùn ni lójú ọmọdé. Fi irin tàbí àwọ̀n líle bo ojú pọ́ńdù kó o tó pọn omi sí i.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Ajé, 2:30 ọ̀sán

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yín bà mí lẹ́rù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, àbúrò rẹ̀ kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Wẹ́dà ń bọ̀ lọ́la.

Olófòófó Ìta · Ajé, 9:11 alẹ́

Mo kà á pé wọ́n ta kói kan ní Japan ní 2018, yen mílíọ̀nù 203. Ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ! Bọ̀dá Bọ̀dé, ẹ má tà á fún mi, ẹ kàn jẹ́ kí n wá máa ṣọ́ ọ.

Káyọ̀dé Kent · Ajé, 11:40 alẹ́

Òótọ́ ni, funfun tó ní pupa lára ni ìyẹn náà, Kohaku lorúkọ irú rẹ̀. Èyí tó bá tún ní dúdú díẹ̀, Sanke ni. Tí dúdú bá gba ara rẹ̀ kan, Showa.

Ìyá wa, mo jẹ yín ní gbèsè ìdáhùn láti Sátidé. Ẹja jíjẹ ni kói. Ní Niigata nílẹ̀ Japan, àwọn àgbẹ̀ onírẹsì lórí òkè Yamakoshi ló ń sin ẹja kàápù nínú omi tí wọ́n fi ń bomi rin ìrẹsì, torí tí yìnyín bá ti dí ọ̀nà mọ́ wọn, kò sí ẹja mìíràn. Bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn kan nínú ẹja náà yọ pupa àti funfun sára. Wọn ò sè wọ́n mọ́, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n ń fi wọ́n bímọ. 1914 ni wọ́n kó wọn wá sí àfihàn ńlá kan ní Tokyo, òkìkí wọn sì kàn. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá 2004, gbogbo Yamakoshi kó jáde, hẹlikópítà ni wọ́n sì fi kó lára ẹja wọn. Kàápù yìí kan náà ni wọ́n ti ń sìn ní Panyam lápá Jos láti àwọn ọdún 1950.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · Ìṣẹ́gun, 5:55 àárọ̀

Kàápù ni! Mo ti jẹ ẹ́ ní Jos. Eegun rẹ̀ pọ̀ ju ẹran rẹ̀ lọ. Ẹ máa wò ó, ó yé mi wàyí.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, 8:03 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìdánwò garawa Ìyá: garawa dín ní ìwọ̀n ìka kan, pọ́ńdù dín ní ìka mẹ́rin. Igun apá òsì ló ti sán, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Bíríkìlà gbẹ́ ẹ ṣí, ó dí i, ó da ilẹ̀ onígẹ̀rẹ́ yẹn. Ọjọ́ tí ó dá a, mo fi bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan sí ìdí ògiri òkè, ó rọra yí wá títí ó fi bọ́ sójú ihò. Mo yí i nígbà mẹ́jọ. Ìyàwó mi ní ṣé eré ni mò ń ṣe ni.

Kíìtì dé láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ẹnìkan. Lẹ́yìn omi àkọ́kọ́, pH kọjá 9.5, omi kíìtì ṣú bí èlùbọ́ tí wọ́n rò. Àwọ̀ elésè àlùkò! Mo gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta sí i. Òórùn rẹ̀ kò ṣeé máa sọ, àwọn ará ilé kejì wá bi wá bóyá nǹkan kú. Lẹ́yìn omi ìkẹta, 8.2. Dúrọ́ọ̀mù ti dúró, ìdérí ìgò ti wọlé, irin ti bo ojú rẹ̀, sólà ti wà. Owó tí mo ná, n ò ní kọ ọ́ síbí, torí ìyàwó mi ń ka ibí yìí.

Káyọ̀dé Kent · 8:40 alẹ́

O ṣe é! Báyìí, má ra ẹja. Jẹ́ kí omi máa yí, máa ju ẹ̀kún ọwọ́ oúnjẹ ẹja sínú rẹ̀ kó máa jẹrà, kí kòkòrò lè rí nǹkan jẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn ìyẹn, 5:12 ìdájí

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá jí. Mo ti kó ẹja sí i. Mẹ́jọ. Ẹni tó ń tà á ń bọ̀ n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìgbà mìíràn tí òun ń bọ̀ ó di ẹ̀yìn Ọdún Tuntun. Mo gbà á. Mo jí báyìí láti tọ̀, mo gbọ́ ìró kan bíi pé ẹnìkan ń fi ẹnu mu ẹ̀kọ. Gbogbo wọn wà lójú omi, ẹnu sókè, lábẹ́ ibi tí omi ti ń dà padà. Méjì ti yí ikùn sókè. Páńpù afẹ́fẹ́ ń ṣiṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · 5:19 ìdájí

Mo ti jí. Má bọ́ wọn rárá. Mú ọ̀kan nínú èyí tó kú, ṣí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wo ibi tó fi ń mí. Ṣé ó pọ́n àbí ó dà bí ẹ̀dọ̀ tó ti pẹ́ nínú ọbẹ̀?

Bọ̀dé Akóbọ̀ · 5:27 ìdájí

Bí ẹ̀dọ̀. Ó ní àwọ̀ ilẹ̀.

Káyọ̀dé Kent · 5:41 ìdájí

Náítíráìtì nìyẹn. Ó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ kò lè gbé ọ́síjìn mọ́ bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ pọ̀ nínú omi. Yẹ omi wò kíákíá. Tú ìdá kan nínú mẹ́ta omi dà nù. Èyí tó o máa fà wọlé, má jẹ́ kó gba inú páìpù wọ pọ́ńdù tààrà, omi bọ́ọ̀hóòlù kì í ní afẹ́fẹ́ tó bó ṣe ń ti ilẹ̀ jáde. Gbé ẹnu rọ́bà sókè kó máa rọ̀ bí òjò. Lẹ́yìn náà, iyọ̀ kílò 6, pò ó nínú garawa kó yọ́, máa dà á yí ká díẹ̀díẹ̀. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kí náítíráìtì wọ ara wọn.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · 6:30 àárọ̀

Náítíráìtì ni lóòótọ́, 2. Omi kíìtì pọ́n bí omi ìṣápá. Iyọ̀ wà nílé, kílò méjì péré. Mo ti lọ kan ilẹ̀kùn oníṣọ́ọ̀bù.

Olófòófó Ìta · 7:02 àárọ̀

Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá. N ò ní ṣàwàdà lónìí.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · 4:45 ìrọ̀lẹ́

Wọ́n ti kúrò lójú omi láti nǹkan bí aago kan. Mẹ́fà wà láàyè. Ọmọ mi gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ ìbẹ́pẹ, ó sin méjì yẹn sínú agolo mílíìkì. Kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀.

Káyọ̀dé Kent · 5:10 ìrọ̀lẹ́

Má pààrọ̀ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ìkẹta, má sì fọ̀ ọ́. Máa yẹ omi wò lójoojúmọ́, tí náítíráìtì bá ti gùn ju 0.5 lọ, tú omi. Oúnjẹ díẹ̀, lọ́jọ́ méjì méjì. Tí o bá tú omi, dá iyọ̀ tó bá omi lọ padà, iye yẹn nìkan.

Bọ̀dé Akóbọ̀ · Oṣù méjì ààbọ̀ lẹ́yìn náà, 9:15 àárọ̀

Mo kàn ní kí n jábọ̀. Ọjọ́ 33 ni náítíráìtì di òdo, kò sì tíì padà wá. Ẹja mẹ́fà, èyí tó tóbi jù ti gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọmọ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Oúnjẹ tí wọ́n á jẹ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń fún wọn, èyí tó pupa lórí nìkan máa ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi ṣì dúdú bí ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án, n kì í rí ìsàlẹ̀. Mo bu ojúoró wá láti odò pé á bo ojú omi. Wọ́n jẹ gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin. Ojúoró tó ń lékè omi, lọ́wọ́ kói, kò lékè mọ́. Ṣé kí n ra iná UV, èyí tí wọ́n fi ń pa ewéko inú omi, ni?

Olófòófó Ìta · 9:21 àárọ̀

Mẹ́fà ló kù. Mẹ́fà ni Bọ̀dá Káyọ̀dé sọ lọ́jọ́ kìíní. Bọ̀dá, ṣé ẹ ń dáfá fún ẹja ní Kent ni?

Àbẹ̀kẹ́ Houston · 1:30 ọ̀sán

UV á ṣe é, àmọ́ ọ̀rá ìbòòji rẹ ńkọ́? Mo wo fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ìdajì pọ́ńdù ló bò. Fà á dé òpin kó o tó náwó. Àti pé nǹkan ewéko tó sọ omi dúdú yẹn ń mí lóru, àárọ̀ kùtùkùtù ni afẹ́fẹ́ omi kéré jù, má pa páńpù afẹ́fẹ́ lóru láéláé. Ojúoró tó o bù lódò, má tún ṣe bẹ́ẹ̀. O ò mọ kòkòrò tó bá a wá.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde · 6:48 ìrọ̀lẹ́

Bọ̀dé, nọ́ńbà ẹni tó ń ta ọmọ kói yẹn dà? Fi ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀. Kì í ṣe tèmi o. Ọmọ ọmọ mi ló rí fọ́tò rẹ lórí fóònù mi. Pọ́ńdù kékeré kan wà tí mi ò lò mọ́.

Píláńbà Mushin · 6:55 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, íǹsì mélòó ni páìpù ìdàmínù rẹ̀?